Àwọn Ìwé tí Ìdánwò Kò Béèrè

Ẹni tí ó bá ṣí àpótí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wò, yálà ní ìlú ńlá tàbí ní abúlé, kò níí pẹ́ mọ irú ìwé tí ó wà níwájú àti irú èyí tí ó wà lẹ́yìn. Ìwé ìṣirò wà níwájú, ìwé gírámà tẹ̀ lé e, ìtàn àròsọ tí àwọn aláṣẹ ìdánwò yàn fún ọdún náà wà láàrin. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí eruku àti aáyán ti ń bára wọn gbé, ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò yàn wà: ìwé ẹ̀rín kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, àkójọ ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn kan, ìwé oúnjẹ tí ẹnìkan fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, àti ìtàn ìgbésí ayé tí ẹni tí ó ni í sọ fúnra rẹ̀. Bí olùkọ́ bá bá ọmọ kan nídìí ọ̀kan nínú wọn, yóò ní kí ó gbé e sílẹ̀, kí ó lọ ka ìwé. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu, nítorí ìwé ni ọmọ náà ń kà.

Oríṣi mẹ́rin yìí kò jọra lójú, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Onítàn àròsọ lè ní ẹkùn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní onírọ́. Akọ̀ròyìn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Aláwàdà tí ó ń fi ìwà ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ròyìn oúnjẹ àti ẹni tí ó ń ro ẹjọ́ ayé ara rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó búra ìbúra kan náà: ojú wọn ni ó ṣe é, etí wọn ni ó gbọ́ ọ, ẹnu wọn ni ó tọ́ ọ wò. Níbi tí ìbúra bá wà, ó yẹ kí ẹni tí ń gbọ́ mọ bí wọ́n ti ń wádìí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ kì í sáábà kọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ń wọlé tọ ọmọ náà wá láti inú fóònù tọ̀sán tòru, tí olúkúlùkù ń búra pé ojú òun ni ó ṣe.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac Babalola Thomas dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 tí ó sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Arúgbó ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Arẹwà ni òun ní Èkó nígbà kan, ọkùnrin tí òun sì ti bá lò kò ṣeé kà tán. Lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ń sunkún, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láàrin omijé náà kò gbàgbé orúkọ àdúgbò, kò gbàgbé orin tí ìgboro Èkó ń kọ nígbà èwe rẹ̀, kò sì gbàgbé láti pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Ní ọdún 1930 kan náà, wọ́n di àwọn lẹ́tà náà pọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n di ìwé.

Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas ni ó kọ gbogbo rẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fagunwa tẹ̀ jáde ní 1938. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí Thomas ni wọ́n fi fún un. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ rántí ẹni tí ó ra Akéde Èkó ní 1929. Kì í ṣe òmùgọ̀. Àdúgbò tí obìnrin náà dárúkọ wà níbẹ̀, ó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Orin tí ó kọ, òun náà mọ̀ ọ́n kọ. Òtítọ́ ni Thomas fi mọ ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, àfi onílé nìkan ni kò sí. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ kíláàsì ní ojú ewé kan nínú rẹ̀, kí wọ́n fa ilà sábẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni tí ń gbé Èkó lè mọ̀, kí wọ́n sì fa ilà méjì sábẹ́ ohun tí ó jẹ́ pé ẹni tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Ilà méjì kò ní pọ̀ tó bí wọ́n ti rò.

Ọ̀ràn Olaudah Equiano yí èyí padà. Ọkùnrin náà wà láyé dájú, ó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1789. Ó ní ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jí òun àti arábìnrin òun gbé lọ sí oko ẹrú. Nígbà tí ó yá, Vincent Carretta, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, rí àkọsílẹ̀ ìrìbọmi rẹ̀ ti ọdún 1759 àti ìwé orúkọ inú ọkọ̀ ojú omi kan ti ọdún 1773. Carolina ní Amẹ́ríkà ni méjèèjì pè ní ibi tí wọ́n ti bí i. Àwọn onímọ̀ mìíràn, Paul Lovejoy wà lára wọn, kò gbà pé àkọsílẹ̀ méjì yìí tó láti sọ ọkùnrin náà di onírọ́. Nínú àríyànjiyàn yìí ni oúnjẹ ti di ẹlẹ́rìí. Equiano kọ nípa iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti àgbàdo, nípa bí wọ́n ti ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fi kan oúnjẹ, àti bí wọ́n ti ń ta díẹ̀ nínú ohun mímu sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ. Ọmọ ilé ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnìkan lè wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú mìíràn lè ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Oúnjẹ náà kò yanjú ẹjọ́ yìí, ó sì dára kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí ẹjọ́ tí àgbà kò tíì dá tán.

Oúnjẹ inú ìwé Aké ti Wole Soyinka, tí ó jáde ní ọdún 1981, kò fa irú iyèméjì bẹ́ẹ̀. Ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ó sọ, nílé baba tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Róbó wà níbẹ̀, gúgúrú àti ẹ̀pà wà níbẹ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti bá róbó wọ̀jà rí kò níí béèrè ẹ̀rí mìíràn. Ó mú òǹkàwé gba ọjà alẹ́ kọjá láàrin àwọn tí ń kiri, lẹ́yìn náà ni ó mú un wá sí ìgbà tí mọ́ínmọ́ín ti wọ inú àpótí gíláàsì, tí ó jókòó ti oúnjẹ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ìbínú wà nínú rẹ̀, ìròyìn sì ni pẹ̀lú: bí ọjà kan ti rí, àti bí ó ti dà.

Yemisi Aribisala ṣe irú iṣẹ́ yìí dé góńgó nínú Longthroat Memoirs, ní ọdún 2016. Longthroat ni àwọn elédè Pijin ń pe wọ̀bìà. Inú ìwé ìròyìn ni òǹkọ̀wé náà ti kọ́kọ́ ń kọ̀wé nípa oúnjẹ. Calabar ni ó sì ń gbé nígbà náà, ọmọ Yorùbá tí ó jókòó ti ìkòkò afang tí ó sì ń kọ́ ọ. Àwọn ibì kan wà nínú ìwé náà tí kò yẹ ọmọdé, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yan èyí tí yóò kà fún wọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Bí ìyá àgbà kan bá kú, ọbẹ̀ kan lè bá a lọ, kí ó má sì sí ẹni tí yóò kéde ikú ọbẹ̀ náà.

Ní òkè Ọya, Abubakar Imam ti ṣe olùkọ́ ní Katsina kí ó tó di olóòtú Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn Hausa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ní 1943 ó bá àwọn oníròyìn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ìrìnàjò náà di ìwé, Tafiya Mabudin Ilmi, èyí tí í ṣe pé ìrìnàjò ni kọ́kọ́rọ́ ìmọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Hausa kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ẹ̀rín, tí àwọn olùkọ́ ń bẹ̀rù jù. Peter Enahoro, ọmọ Uromi, tí ó ń fi orúkọ Peter Pan kọ̀wé nínú Daily Times, tẹ How to Be a Nigerian jáde ní ọdún 1966. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Ó fi ariwo wa ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi ìwà wa ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì dá ẹ̀yà kankan sí. Ọdún náà gan-an ni àwọn ológun gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ọ̀rọ̀ tí ó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Enahoro fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì pẹ́ ní òkè òkun. Ní ọdún 2009 ni ìtàn ayé rẹ̀, Then Spoke the Thunder, jáde. Ó kú ní ọdún 2023. Aláwàdà 1966 àti ẹlẹ́rìí 2009, ẹnìkan náà ni; kí ọmọ tí ó bá ti ka ti àkọ́kọ́ wá ti èkejì rí.

Kí olùkọ́ tí ó bá ní ìgboyà ka ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ ariwo sí etí kíláàsì tí ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti Ẹdó ti jókòó pọ̀, kí ó sì béèrè ẹni tí òǹkọ̀wé ń bá wí. Olúkúlùkù yóò nawọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, wọn yóò sì máa pariwo.