Sí Bọ́lánlé, lórí iṣẹ́ èbúté

Bọ́lánlé mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Orí mi wú pé o ti mọ Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń yàwòrán ilé, lò dáadáa, àti pé ọ̀gá yín ti gbà kí ẹ máa fi BIM, mọ́dẹ́ẹ̀lì orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo oníṣẹ́ jọ ń lò, ṣe iṣẹ́ ìjọba. O ní kí n sọ irú kọ̀ǹpútà tí ẹ máa rà. Ohun mìíràn ló jẹ mí lógún jù: ìgbà wo ni àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ yóò jókòó pọ̀? Ṣé kí wọ́n tó dá iye owó ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé?

Ìdí tí mo fi bèèrè wà nílé níbí. Ọdún 2009 ni ìjọba Yar'Adua bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ Odò Ọya láti Warri títí dé Baro, nǹkan bíi kìlómítà 572, kí bájì lè máa ru ẹrù kọjá. Ọ̀nà omi yẹn ni èbúté Lọ́kọ́ja, ní Jamata, wà fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ti fà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ro ohun tó wà nínú èbúté odò. Ẹnì kan ń ya ògiri etí omi, ẹlòmíràn ń kó yanrìn, ojú títì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn, iná mànàmáná tún wà lọ́tọ̀. Odò wa kì í sì í dúró sójú kan. Ó kún wọ ilé onílé ní 2012 àti 2022. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn á yọrí láàárín omi. Ibo ni kí ògiri náà ga dé? Báwo ni ọwọ́ kéréènì ṣe máa dé inú bájì nígbà tí omi bá fà? Bí ayàwòrán bá parí tirẹ̀ kó tó pàdé ẹni tó ń wọn omi, àtúnṣe á di owó, owó á di ẹjọ́. Nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, ẹ lè gbé omi sókè, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ rí àṣìṣe kí ẹnikẹ́ni tó po kọnkéré.

Ti èbúté Baro ló dùn mí jù. Ààrẹ Buhari ṣí i ní oṣù kìíní 2019, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dé ibẹ̀ kò dára fún ọkọ̀ akẹ́rù, èbúté bá jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó parí sẹ́nu géètì kò lè gba irú rẹ̀ là. Ẹnjiníà ojú títì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àti àwọn awakọ̀ ojú omi, tí wọ́n mọ odò yìí ju gbogbo wa lọ.

Wọ́n á sọ fún ọ pé òfin kò gbà kí àwọn oníṣẹ́ jókòó pọ̀ kí wọ́n tó dá iye owó. Ka abala 39 nínú Public Procurement Act ti 2007. Bí àjọ kò bá tíì lè là á kalẹ̀ bí iṣẹ́ yóò ṣe rí, ó lè pe tẹ́ńdà ní ìpele méjì: èkíní láìsí owó nínú rẹ̀, kí wọ́n jíròrò; owó á wá tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni mọ́dẹ́ẹ̀lì yín ti wúlò jù.

Àmọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe kì í tú àṣírí ìṣòro bí ẹ̀rù ẹ̀bi bá ń bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́ Terminal 5 ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ní London, tí wọ́n ṣí ní 2008, BAA tó ni iṣẹ́ ló gba ewu rẹ̀ sọ́rùn, kí àwọn tó kù lè jọ wá ojútùú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló ni mọ́dẹ́ẹ̀lì, ta ló lè tún un ṣe, ta ló ń san owó àṣìṣe tí a bá rí lásìkò. Fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀gá yín tó buwọ́ lù ú.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Lọ́kọ́ja