Dubrovnik: Àlejò kún ìlú, onílé ń kó jáde

Ẹni tó bá lọ gbafẹ́ ní Dubrovnik, ìlú àtijọ́ kan létí òkun ní Croatia, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Mẹditaréníà, orí odi ló máa ń kọ́kọ́ gùn. Odi ọ̀hún gùn tó kìlómítà méjì, ó sì yí ìlú ká pátápátá. Ẹni tó bá dúró lókè yóò rí òrùlé pupa lọ bẹẹrẹ. Àmọ́ kó wò wọ́n dáadáa o: ọ̀pọ̀ èyí tó pupa fòò, tuntun ni. Lọ́dún 1991 ni àwọn ọmọ ogun Yugoslavia rọ̀jò àgbá lé ìlú náà lórí, òrùlé àtijọ́ sì fọ́ yángá.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ya fọ́tò kiri kì í sábà béèrè. Ọdún 1416 ni ìjọba ìlú yìí ti fòfin de òwò ẹrú, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé etíkun Èkó rárá!

Àwọn ará ibẹ̀ gan-an wá ńkọ́? Wọ́n ń kó jáde. Ilé tí bàbá, ìyá àtọmọ ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí àlejò ń sùn, torí owó rẹ̀ dùn ju ti ayálégbé lọ. Ta ló máa bá onílé wí? Lọ́dún 2019, ìjọba ìlú ní ọkọ̀ ńlá tó ń kó àlejò wá kò gbọdọ̀ ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó sì di 2023, wọ́n ń bẹ àlejò pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé àpótí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n má wọ́ ọ lórí òkúta ìgboro, nítorí ariwo táyà ìdí rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn tó ṣẹ́ kù sùn lóru.