Ẹ Mú Ṣéńjì Yín Dání

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Gowon Estate, àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lápá Òṣòdì gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ. Mólùẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá ìgbà náà, kì í dúró tán ní Ìyànà Ìpájà. A ó sáré tẹ̀lé e, a ó fò mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" ni kọ̀ńdọ́ ń ké. Ó ti ká náírà ní gígùn, ó há wọn sáàárín ìka. Bí ṣéńjì bá wọ́n, á so èrò méjì pọ̀, á ní kí wọ́n lọ pín in tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀. Èmi àti ìyá kan tí n kò rí rí ti jọ rìn káàkiri Òṣòdì báyẹn, tí à ń wá ẹni tí yóò bá wa ṣẹ́ owó. Kí a tó rí i, a ti mọ orúkọ àwọn ọmọ ara wa.

Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 sí CMS. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì tuntun ló jẹ́ kó yàtọ̀. Ojú ọ̀nà tí LAMATA, àjọ ètò ìrìnnà Èkó, yà sọ́tọ̀ fún un ni, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà dá a dúró. Ìlú Curitiba ní Brazil ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1974. Ní 2020 ó dé ọ̀dọ̀ wa, Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá. Mo dúpẹ́ fún un tọkàntọkàn.

Káàdì Cowry ni mo fi ń san owó ọkọ̀ báyìí. Mo fi kan ẹ̀rọ, ó dún, mo jókòó. Káàdì yìí kan náà ló ń gbé mi wọ ọkọ̀ ojúurin. Kò sí ariwo, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí owó bá tán nínú káàdì àgbàlagbà, ẹ̀rọ ò lè wí pé, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ ó san án lọ́la," bí kọ̀ńdọ́ kan ti wí fún bàbá mi. Bí ìjọba bá ń gbé ẹ̀rọ wá, kó fi èèyàn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kó sì mú ẹ̀rọ náà wọ àdúgbò. Mo sọ̀ ní Ìyànà Ìpájà lálẹ́ àná, mo sì rìn lọ síbi tí dáńfó ilé wa ń dúró sí. Mo ti káàdì sẹ́yìn nínú pọ́ọ̀sì, mo ń fi ìka wá náírà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!"