Olè Tí A Mú, Ibo Ni À Ń Mú Un Lọ?

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu ké sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún òfin ṣe kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwa tí a fi ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ òṣèlú ṣe iṣẹ́. À ń jiyàn lórí ẹni tí yóò máa san owó oṣù wọn, ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún wọn, àti bóyá àwọn gómìnà kò ní máa dẹ wọ́n sí alátakò bí ajá ọdẹ. Iyàn tó yẹ ká jà ni. Ṣùgbọ́n etí ìlú Àbújá ni mo ń gbé, ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo sì rí i pé ìbéèrè kan wà tí àwọn aládùúgbò mi ń bi ara wọn lójoojúmọ́, tí kò sì tíì dé inú iyàn wa: bí ọwọ́ bá tẹ olè, ibo ni à ń mú un lọ, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ẹni tí kò bá gbé Àbújá rí lè má mọ bí olè ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wan ṣáǹsì ni à ń pè é. Èèyàn á parí iṣẹ́, á dúró ní Berger tàbí ní AYA, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọkọ̀ kan tí wọn kò kùn ní ọ̀dà takisí á dúró níwájú rẹ̀. Èrò ti wà nínú rẹ̀, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ó wọlé. Àwọn tó bá nínú ọkọ̀ kì í ṣe èrò rárá. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn àti awakọ̀. Wọn á gba fóònù rẹ̀, wọn á gba káàdì báńkì, wọn á lù ú títí yóò fi sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó owó náà tán, wọn á tì í sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Àwọn kan wà tí wọn kò dìde mọ́ níbi tí wọ́n tì wọ́n sí.

Ìwà ọ̀daràn yìí mọ ẹni tó ń bá jà. Kubwa, Lugbe, Nyanya, àti Mararaba tó ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń sùn sí, nítorí owó ilé àárín ìlú kọjá agbára wọn. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ kì í dúró ní Berger lálẹ́. Lọ́dún 2025, ìjọba ṣí ibùdókọ̀ tuntun sí Mabushi àti Kugbo, kí èèyàn lè wọ ọkọ̀ tí a mọ orísun rẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀, ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ṣì ń dúró lẹ́bàá títì, nítorí ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gbé e délé.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ládùúgbò wa, tó ń ta aṣọ, bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ibi yìí. Wọ́n kó gbogbo owó ọjà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá kan. Ọlọ́pàá tó jókòó sẹ́yìn káńtà béèrè ibi tó ti wọ ọkọ̀. Ó sọ ọ́. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti tì í jáde. Ó sọ ọ́. Ọlọ́pàá náà ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tàwọn, ibi tí wọ́n ti tì í jáde ni kó lọ. A débẹ̀, wọ́n ní ibi tó ti wọ ọkọ̀ ni kó lọ. Lọ́jọ́ kẹta ni a tó rí ẹni tó gbà láti gbọ́ ẹjọ́. A ra ìwé tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní báńkì kò ní sọ ẹni tó ni àpò owó tí owó náà wọ̀ láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́, wọ́n sì ní ẹni tí yóò lọ gba àṣẹ náà nílò owó epo ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà wo ojú mi, ó ní, "Àbúrò mi, jẹ́ ká máa lọ sílé. Owó tí mò ń fi wá owó yìí ti fẹ́ pọ̀ ju owó tó sọnù lọ."

N kò sọ èyí láti bú ọlọ́pàá. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà yẹn kò ní epo nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bébà lórí tábìlì rẹ̀. Lọ́dún 2019 ni òfin tó dá àpò owó ìrànlọ́wọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń kà ní bílíọ̀nù lókè kì í hàn ní káńtà tí aráàlú ti ń fẹjọ́ sùn. Oṣù kọkànlá ọdún 2025 yẹn náà ni Ààrẹ pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àwọn èèyàn ńlá kúrò lẹ́yìn wọn, kí wọ́n padà sí iṣẹ́ ààbò ìlú. Àṣẹ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́: ọlọ́pàá wa kò fọ́n ká bákan náà. Ẹnì kan ní mẹ́rin lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, àdúgbò odindi sì ń fi owó epo wá ẹyọ kan.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ará òpópónà wa mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n ní ó já ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní orúkọ rẹ̀, taya ti dé. Ẹni tó gbé epo bẹntiróòlù wá kì í ṣe ọmọ ìta. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, oníyàwó, ọlọ́mọ, tí a jọ ń kí ara wa láàárọ̀. Èmi àti àwọn àgbà méjì dúró sáàárín, a ní kí wọ́n fà á lé àwọn agbófinró lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dá mi lóhùn pé, "Bọ̀dá, ẹ mú un lọ síbẹ̀. Tó bá di ọ̀tunla, ẹ óò rí i níbí, yóò máa fi wá rẹ́rìn-ín." Àwọn fijilanté mú ọmọ náà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti padà sí àdúgbò.

Títí di òní, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ìdí tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wádìí, kí wọ́n rí i pé kò jẹ̀bi. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sanwó. Ó sì ṣeé ṣe kí onísọ́ọ̀bù má lọ jẹ́rìí. Kò sí ẹni tó wá sọ fún onísọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó wá wẹ ọmọ náà mọ́ lójú àdúgbò bó bá jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ààbò wa ti ń bàjẹ́. Ìdájọ́ tí a kò rí kò yàtọ̀ sí èyí tí kò wáyé. Nígbà tí aráàlú bá sì gbà pé kò wáyé, taya yóò máa wà nítòsí.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èrò tó gbé taya kì í tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, ní Aluu, Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n sì dáná sun wọ́n lórí ẹ̀sùn olè. Ó di oṣù keje ọdún 2017 kí ilé-ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ kan ń ti Port Harcourt lọ sí Kano láti lọ ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ pẹ̀lú ẹbí wọn. Ní Uromi, Ìpínlẹ̀ Edo, àwọn fijilanté dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ariwo sì sọ pé ajínigbé ni wọ́n. Èèyàn 16 ni wọ́n pa. Àwọn tó dá ọkọ̀ yẹn dúró kì í ṣe àjèjì tí ìjọba àpapọ̀ rán wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà àti igbó ibẹ̀. Ohun tó ṣaláìní níbẹ̀ ni ẹni tí yóò sọ pé: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò dára ju èyí lọ. Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 35, ní kí a gbé ẹni tí a mú dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ kó pẹ́ ju ìyẹn. Ní etí Àbújá, ibo ni ilé-ẹjọ́ ti jìnnà tó kìlómítà 40? Síbẹ̀, nínú àwọn bí 80,000 tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n orílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní 50,000 tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 2024, òjò wó odi ọgbà ẹ̀wọ̀n Suleja, tí kò jìnnà sí wa, ènìyàn 118 sì sá jáde. Àdúgbò wa kò sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ọgbà tí òjò lè wó kò dáàbò bo àwa tí a wà níta, ẹjọ́ tí kò lópin kò sì ṣe àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní òdodo.

Ọ̀nà méjì ni olè tí a mú ń gbà lọ, nígbà náà. Ẹni tó ní ẹbí tó lè sanwó a padà sílé lọ́jọ́ kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹni tí kò ní ẹnìkan a wọ àtìmọ́lé, orúkọ rẹ̀ a sì sọnù sínú fáìlì. Kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè náà, bóyá ó jalè tàbí kò jalè.

Èyí ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Abala 214 ìwé òfin ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Mo fara mọ́ àtúnṣe rẹ̀, nítorí orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí kò lè máa retí àṣẹ láti ibì kan. Mo sì mọ̀ pé nígbà Ìjọba Olómìnira Kìíní, wọ́n lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Àríwá láti fìyà jẹ alátakò, ìjọba ológun ló sì pa wọ́n rẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tèmi ju ti gómìnà lọ. Bí a bá fi ọ̀pọ̀ agbófinró kún àwọn tó wà, tí a kò sì fi adájọ́ kún adájọ́, a óò kàn máa mú èèyàn púpọ̀ sí i lọ sí ibi tí ẹjọ́ kì í ti parí ni.

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu nínú iyàn wa nìyí: gómìnà tó ń kígbe pé òun kò ní ọlọ́pàá ní ilé-ẹjọ́ májísíréètì. Ìpínlẹ̀ ló ń dá wọn sílẹ̀. Kò nílò kí a tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe kó tó kọ́ méjì sí i, kó sì tan iná sí èyí tó wà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015, tó de Àbújá, tí àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ti ṣe irú rẹ̀, sọ ní abala 34 pé kí májísíréètì máa ṣàbẹ̀wò sí àgọ́ ọlọ́pàá lóṣooṣù, kó wo àwọn tó wà látìmọ́lé, kó sì béèrè ìdí. Òfin kan náà fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi. Kí a máa kéde àbẹ̀wò yìí lóṣooṣù. Kí àgọ́ ọlọ́pàá kankan má sì lé ẹni tó wá fẹjọ́ sùn padà nítorí ibi tó ti ṣẹlẹ̀; kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, àwọn ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Bí ẹjọ́ bá sì parí, tàbí tí wọ́n tú ẹni tí wọ́n mú sílẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí fún ẹni tó fẹjọ́ sùn. Àwa ará Àbújá kò ní gómìnà, nítorí náà ọ̀dọ̀ Mínísítà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ni àwa yóò ti béèrè tiwa.

Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun, ni a máa ń wí. Ní òpópónà wa, ọjọ́ olóhun ti dé rí, ilẹ̀ sì mọ́ láìsí ìdájọ́. Nítorí náà, bí àwọn tó ń du ipò ní ọdún 2027 bá ń sọ fún wa iye ọlọ́pàá tí àwọn yóò gbà sí iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: májísíréètì mélòó ni ẹ ní, mélòó nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ yín ni kò tíì fojú kan ìdájọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì ronú nípa ààbò wa.