Ìyẹ̀ Igi àti Èémí Gbẹ́nàgbẹ́nà

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní iyì. Ẹni tí ó jókòó lórí àga, tí ó jẹun lórí tábìlì, tí ó sì ti ilẹ̀kùn kí ó tó sùn, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gé igi ni igi ń fi ohun kan sílẹ̀ fún wa tí a kì í kà sí. Ohun náà ni ìyẹ̀ igi, lẹ́búlẹ́bú tí ń bọ́ lára pákó.

Ní ìsọ̀ mi ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ tí ìyẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni èyí tí à ń pè ní ráútà. A so ó kọ́ sí abẹ́ tábìlì ní ìdoríkodò, abẹ rẹ̀ sì yọ orí jáde láti inú ihò tí ó wà ní àárín tábìlì. Pákó tí a bá tì kọjá lára abẹ yìí ni à ń fi ṣe ọnà sí etí tábìlì, òun náà ni à ń fi la ojú ihò sí ara ilẹ̀kùn. Abẹ náà lè yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èérún ayùn ọwọ́ a máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìyẹ̀ ráútà kúnná bí èlùbọ́, a sì máa fò káàkiri.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ fẹ́ràn ìrókò ju gbogbo igi lọ. Nígbà tí ó dàgbà, bí a bá ti fi ayùn kan ìrókò, sísín ni yóò máa sín, àyà rẹ̀ a sì máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ní ìkẹyìn, abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níta ni ó ń jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń fetí sí ìró ayùn wa, tí yóò sì ké sí wa bí ó bá gbọ́ pé ayùn ti yà kúrò lójú ìlà. Ọgbọ́n rẹ̀ pé pérépéré; èémí ni kò sí mọ́ láti fi lò ó.

Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí bá. Ní ọdún 1968, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ń ṣe àga àti tábìlì ní agbègbè High Wycombe. Wọ́n rí i pé irú àrùn jẹjẹrẹ imú kan, tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn yòókù, ń bá wọn jà púpọ̀. Ní ọdún 1995, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka ìyẹ̀ igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà.

Ìyẹ̀ tí ojú ń rí kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí kò tó ìdá kan nínú 100 mílímítà ni ó ń léfòó fún ìgbà pípẹ́, òun ni ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ìgbálẹ̀ tún ń rú u sókè ni. Ìbòmú sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan ni ó ń dáàbò bò. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìyẹ̀ rẹ̀: ẹnu abẹ tí a ti bí i ni a ti lè mú un.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo fi pákó kan àpótí sí abẹ́ tábìlì, ó sì yí ráútà náà ká. Mo fi ilẹ̀kùn kékeré sí iwájú rẹ̀ kí ọwọ́ lè wọlé láti pààrọ̀ abẹ. Mo tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí ìyẹ̀ lè máa yọ̀ lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí mo ti lu ihò tí ó fẹ̀ tó ínṣì 4, tí mo sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Nítorí pé apá kan ìyẹ̀ a máa fò sókè tábìlì, mo kan àpótí kékeré kan sí ẹ̀yìn abẹ lókè, mo sì fa ọ̀pá mìíràn láti ibẹ̀ lọ pàdé ti àkọ́kọ́.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó yẹ kí a dí àpótí náà pinpin. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ru ìyẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí odò ti ń ru ewé; bí kò bá rí ọ̀nà wọlé, kò ní rí ohun tí yóò rù jáde. Ráútà pàápàá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbóná kọjá ààlà. Nítorí náà ni mo ṣe lu ihò sí ara ilẹ̀kùn náà, ní òdìkejì ọ̀pá.

Ọ̀pá náà kò lọ sí ọ̀dọ̀ fáànù tààrà. Alágbẹ̀dẹ fi páànù rọ àrọ ńlá kan fún mi, mo sì gbé e lé orí àgbá tí ó ní ìdérí. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ àrọ wọlé, ó ń yí po bí ìjì; ìyẹ̀ tí ó wúwo a fara gbá páànù, a sì bọ́ sínú àgbá. Èyí tí ó kù ń gba òkè jáde lọ sí ọ̀dọ̀ fáànù, fáànù a sì tú u sí inú àpò aṣọ ní ìta, níbi tí ènìyàn kì í gbà kọjá.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́, mo dúró di alẹ́. Mo kọ́kọ́ gbẹ́ ìrókò láìtan fáànù. Mo pa ráútà, mo pa iná, ọmọ iṣẹ́ mi sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ náà kún fún ìyẹ̀ bí èéfín ààrò. Nígbà tí a tan fáànù, tí mo gbẹ́ òmíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a rí. Nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ náà ni a kò ṣe pa ìbòmú tì. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ sì ni à ń da àgbá náà nù, nítorí ìyẹ̀ gbígbẹ àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí àwọn òbí wọn fà wọ́n lé mi lọ́wọ́, àti ọwọ́ àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ni wọ́n fà lé mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá fẹ́ kọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà lára òṣìṣẹ́, kí ẹ sì wá ọ̀nà láti dí i kí ọjọ́ tó lọ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.