Ẹnu Ta ni Ìròyìn Ti Jáde?

Àgbọ́ẹ̀jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sára pátákó bí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní etíkun Ìlàjẹ bí a ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń sọ ìtàn Parabe.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí wọ́n lé ní 100 lọ sí Parabe, ibùdó ìwapo Chevron tó wà lójú òkun. Wọ́n ní epo ti ba omi àwọn jẹ́, wọ́n sì béèrè iṣẹ́ àti owó ìtanràn. Ní ọjọ́ 28, hẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò gbé àwọn ológun débẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa Jola Ogungbeje àti Aroleka Irowaninu.

Àwọn ará wa ní ìfẹ̀hónúhàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ní wọ́n mú òṣìṣẹ́ àwọn ní ìgbèkùn. Akọ̀ròyìn tó bá kọ "ajínigbé" ti dájọ́ kí òǹkàwé tó gbọ́ ẹjọ́. Èyí tó bá kọ "ọ̀dọ́ méjì kú" ti fi ẹni tó yìnbọn pa mọ́. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ 28 ti gbàgbé ohun tó gbé wọn dé ojú òkun.

Kì í ṣe ìkà nìkan ló ń fa èyí. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi la fi ń dé ọ̀dọ̀ oníkàn tiwa. Ilé-iṣẹ́ ní agbẹnusọ àti tẹlifóònù.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ní apá tó korò. Larry Bowoto àti àwọn mìíràn pe Chevron lẹ́jọ́ ní San Francisco. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sọ èyí bí a bá ń ròyìn Parabe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà àwa àti Ìjọ̀ Àrógbò: nínú ìròyìn tiwa, àwọn ló ń kọluni, àwa ń gbèjà ara wa. Mo máa ń bi àwọn ọmọ léèrè pé, kí ni akẹgbẹ́ wọn ní Àrógbò máa kọ?

Kíláàsì a máa pa rọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ojúsàájú nínú ìròyìn tí inú rẹ̀ kò dùn sí kò tíì ṣe nǹkan bàbàrà. Ìròyìn tó dùn mọ́ ọn gan-an ni kó yẹ̀ wò.