Àmáànà Inú Àpótí Gíláàsì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè pa ẹlòmíràn nínú yín lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ aràn inú ẹja ni. Kì í ṣe ẹja tí à ń jẹ, bí kò ṣe ẹja wẹ́wẹ́ tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ fún ẹwà. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á lọ. Mo mọ nǹkan kan, mo sì fi pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, inú mi kò sì tíì dùn sí ọjọ́ mẹ́ta yẹn títí di òní.

Ní ọdún 2018, ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ní Kàdúná ń múra àtilọ ṣe iṣẹ́ Haji fún ìgbà àkọ́kọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti san gbèsè tó jẹ, ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò. Nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀la, ó fà mí lọ́wọ́ wọ pálọ̀ rẹ̀, ó fi àpótí gíláàsì kan hàn mí. Lítà omi 80 ni àpótí náà ń gbà. Ẹja 11 ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní guppy, tí ìrù àwọn akọ wọn ń dán bí aṣọ àrán.

“Àbúrò, àmáànà rẹ nìyí,” ni ó wí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan tó lọ tí mo fi rí guppy méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta irú ẹja bẹ́ẹ̀. Wọ́n wù mí, mo rà wọ́n, mo sì dà wọ́n mọ́ ti ẹ̀gbọ́n. Oore ni mo rò pé mò ń ṣe. Ó yẹ kí ẹja tuntun dá gbé inú omi tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a máa wò ó, kí a tó dà á mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. N kò mọ̀, n kò sì béèrè.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí i pé ọ̀kan nínú méjì tí mo rà ń rù, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bó ti dúró jẹ́ẹ́, nǹkan pupa tín-ín-rín bí òwú yọ jáde láti ihò ìdí rẹ̀, wọ́n tó mẹ́ta. Bó ti mira, wọ́n fà wọlé padà. Ara mi bù máṣọ.

Ibẹ̀ ni Ṣàìtánì ti ráyè. Ó ní: ẹja mọ́kànlá ti ẹ̀gbọ́n kò ní òwú pupa kankan lára. Kó méjì tìrẹ kúrò, ta ni yóò mọ̀? Mo kó wọn sínú garawa lóòótọ́, mo sì dákẹ́.

Ohun tó gbé mi dìde ní ọjọ́ kẹta ni ìtàn obìnrin tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó há ológbò mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kó wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ẹja odò ní ibi tó lè gbà lọ. Èyí tí a há mọ́ inú gíláàsì, inú omi tí aràn ń bímọ sí náà ni yóò máa gbé.

Mo tọ dókítà àwọn ẹran ọ̀sìn kan lọ. Ewúrẹ́ àti adìẹ ló ń tọ́jú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní aràn tí wọ́n ń pè ní Camallanus ni. Ẹnu rẹ̀ le, òun ló fi ń di ìfun ẹja mú, tó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin, ààyè ọmọ ló ń bí sínú omi. Nínú odò, kòkòrò omi wẹ́wẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbé ọmọ aràn náà mì, kí ẹja tó jẹ kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n nínú àpótí gíláàsì, ó lè ti ara ẹja kan dé ara èkejì láìsí alágbàtà. Ó tún ní ẹja lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí òwú pupa tó yọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n ìbá dé láti Mẹ́kà, kó máa yọ̀ mọ́ ẹja rẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Mo bi í nípa iyọ̀, torí mo ti gbọ́ pé iyọ̀ ń wo àrùn ẹja. Ó ní iyọ̀ kò lè dé ibi tí aràn yìí wà. Levamisole ló fẹ́ lò, oògùn aràn tí wọ́n ń fún ewúrẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa náà sì mu ní kékeré.

Àwọn aáfà wa kọ́ wa pé ẹni tó gba àmáànà tí kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, bó bá bàjẹ́ kò jẹ gbèsè. Èmi ti fi ọwọ́ ara mi da ohun tí wọn kò fún mi mọ́ ọn. N kò tún lè fi oògùn kún un láìgbàṣẹ. Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, mo rò ó látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé owó fóònù mi ti tán.

“Ṣé o ti fún wọn ní oògùn?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Àṣẹ yín ni mò ń retí.”

“Fún wọn. Bí mo bá dé, a ó sọ ìyókù.”

Mílígíráàmù 2 sí lítà omi kan ni dókítà lò, èyí tó jẹ́ 160 fún gbogbo omi náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, torí agbára oògùn inú páálí kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹ má ṣe fi ṣíbí ìdáná dán an wò o! Mo dá méjì tèmi padà kí gbogbo wọn lè jọ gbà á. Mo fọ ìsàlẹ̀ àpótí, mo yọ èédú inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, torí èédú a máa fa oògùn mu. Mo pa iná, mo sì fi aṣọ bo gíláàsì, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba oògùn náà jẹ́. Ó di wákàtí 24. Levamisole kì í pa aràn lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló ń mú un rọ jọwọrọ, tí ẹnu rẹ̀ á já kúrò lára ìfun, tí ẹja á sì yà á sínú omi. Nítorí náà ni mo ṣe fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú púpọ̀ nínú omi náà, mo sì da omi tuntun sí i. Aràn pupa wà nísàlẹ̀ garawa, mo rí wọn.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ fún títà, ẹ má ti ibí mú oògùn yìí lọ sí adágún yín. Ẹja tí ènìyàn yóò jẹ ní ìlànà tirẹ̀, dókítà ni kí ẹ bi.)

Ẹja mi tó rù yẹn kú lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, akọ kan nínú ti ẹ̀gbọ́n kú.

Nígbà tí wọ́n dé, mo lọ kí i: “Alhaji, ẹ kú àbọ̀, kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ láàdá.” Ó fún mi ní dàbínù àti omi samusamu, lẹ́yìn náà ló jókòó síwájú àpótí, tó ń ka ẹja.

“Mẹ́wàá tèmi, ọ̀kan tìrẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji.” Mo na owó ẹja tó kú sí i. Mo ti rò pé yóò ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ó gbà á, ó kà á, ó fi sápò.

“Ó tán nìyẹn. Kí ló kù lórí ìtọ́jú wọn?”

Mo ṣàlàyé fún un pé a gbọ́dọ̀ lo oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí àwọn ọmọ aràn tó bá ṣẹ́kù, ọjọ́ náà sì ti pé lọ́la.

Ní ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ká ọwọ́ jálábíà tuntun rẹ̀ sókè, garawa sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Àbúrò, mú rọ́bà wá.”